Dáàmù àti Ìdààmú: Ta Ni Ó San Owó Iná Wa?

Ẹ̀yin tí iná mọ̀nàmọ́ná wà ní ilé yín tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn wa, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bátìrì gbọ́ wa nínú òkùnkùn, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ iná náà gan-an ni mo fẹ́ kí á jùmọ̀ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ sí ọjà ẹja tí ó wà ní Kádò níhìn-ín ní Àbújá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ ọjà náà. Ẹja inú yìnyín wà níbẹ̀, ẹja àrọ̀ tí ń jà nínú agbada omi wà níbẹ̀, ẹja yíyan náà kò sì gbẹ́yìn. Mo dúró ní ìsọ̀ ìyá kan tí mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Tápà ni, etí odò Ọya ní ìsàlẹ̀ Jẹ́bà ni a ti bí i, nítorí náà ó gbọ́ èdè Yorùbá bí ẹni pé Ìlọrin ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Mo bi í léèrè pé, "Ìyá, ẹja Ọya dà? Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹja Ọya ti ń di ẹja inú ìtàn. Apẹja ni bàbá mi, apẹja sì ni bàbá tí ó bí i. Èmi ọmọ wọn ni mo wá ń ta ẹja tí ọkọ̀ òkun kó dé láti ìlú òyìnbó yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò, ẹ̀yin gba iná, àwa gba omi."

Mo ní, "Omi wo?" Ó ní omi tí ó wọ ilé ìyá òun lóru ni, ní ọdún 2022, tí ó gbé ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ lọ pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́, tí kò sì sí ẹnì kan tí ó sọ fún wọn ṣáájú pé omi ń bọ̀.

Mo san owó ẹja mi, mo sì padà sí ilé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo tan iná yàrá mi, ó tàn. Ní ọjọ́ mìíràn, ọpẹ́ ni mo máa ń dú. Ní ọjọ́ náà, ìbéèrè ni ó wá sí mi lọ́kàn: níbo ni iná yìí ti wá, ta ni ó sì san owó rẹ̀? Kì í ṣe owó tí ilé iṣẹ́ iná ń gbà lọ́wọ́ wa ní òpin oṣù ni mo ń sọ o. Owó àkọ́kọ́ ni mo ń wí.

Ẹ̀yin ará mi, odò Ọya ni odò kẹta tí ó gùn jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ṣẹ̀ láti orí òkè ní ilẹ̀ Guinea, ó gba Mali kọjá, ó gba Niger, ó fi ara kan ààlà Benin, kí ó tó wọ ilẹ̀ wa. Àwọn baba ńlá wa a máa sọ pé Ọya ni aya Ṣàngó, ẹni tí ó ni àrá àti mọ̀nàmọ́ná. Èmi kò wá láti sọ ìtàn òrìṣà fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ gbé ère síwájú ilé iṣẹ́ iná ní Marina ní Èkó ní 1964, Ṣàngó ni Ben Enwonwu mọ. Ní ọdún 1964 yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Káínjì láti sé odò Ọya, kí á lè fi omi rẹ̀ tan iná. Ó dà bí ẹni pé tọkọtaya náà tún padà pàdé.

Àwọn akọ́lé láti ilẹ̀ Italy ni wọ́n kọ́ ọ, Báńkì Àgbáyé sì wà lára àwọn tí ó yá wa lówó. Iṣẹ́ parí ní 1968. Ní oṣù February 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà lọ́wọ́, ni olórí ìjọba ológun, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ṣí i. Àárín dáàmù náà tí a fi kọnkéré mọ ga tó mítà 65. Bí a bá ka ògiri erùpẹ̀ àti òkúta tí a so mọ́ ọn, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Adágún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn tó kìlómítà 135, ó fi díẹ̀ ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ, ibi tí ó fẹ̀ jù níbẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 30.

Kí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ yan ibẹ̀? Ní agbègbè Káínjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọya máa ń kún lọ́dún. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní omi funfun, tí òjò tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ tiwa ń mú wá láti bí August títí dé October, tí ó kún fún erùpẹ̀. Èkejì ni omi dúdú. Òjò tí ó rọ̀ ní òkè Guinea ni, ó rin ìrìn àjò oṣù púpọ̀, ó gba inú àbàtà ńlá tí ó wà ní Mali kọjá, ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Nípa báyìí, nígbà tí àwọn odò mìíràn bá ń gbẹ, Ọya ṣì ń gba àlejò. Ẹni tí ó bá lè tọ́jú omi méjèèjì yìí pamọ́, yóò ní agbára tí yóò fi yí ẹ̀rọ yí ọdún ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá sọ ìdajì òótọ́ kò yàtọ̀ sí òpùrọ́. Dáàmù Káínjì ṣe wá ní oore púpọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀ tí omi ń yí, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Ní àwọn ọdún 1970, Káínjì ni ó ń pèsè apá tí ó pọ̀ jù nínú iná tí gbogbo Nàìjíríà ń lò. Òun ni ó tan iná sí ilé ìwòsàn, òun ni ó yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ aṣọ, òun ni ó jẹ́ kí télọ̀ àti alágbẹ̀dẹ lè fi òru kún ọ̀sán. Ní 1985 ni a ṣí dáàmù Jẹ́bà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí omi kan náà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Káínjì tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní 1990, ó kan Ṣíróró lórí odò Kàdúná, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 600. Láti Ṣíróró ni wáyà ńlá ti ń gbé iná wá sí Katampe, níhìn-ín ní Àbújá. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Kádò, nígbà tí ẹ bá tan iná yín, odò wà nínú rẹ̀.

Iná omi kì í jó epo, kì í rú èéfín. Nígbà tí àwọn ẹni ibi bá bẹ́ páìpù gáàsì ní ìsàlẹ̀ Gúúsù, omi kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń ta lára iná yìí fún orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa. Nígbà tí adágún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọn apẹja ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Dáàmù náà di afárá fún ọkọ̀, a sì ṣe ọ̀nà sí i lára tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà kọjá. Ẹni tí ó bá ní kí á má ṣe rántí oore wọ̀nyí, kò ṣe òdodo.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá rà ni ó ní iye. Ẹ jẹ́ kí á wo iye tí èyí ná wa, àti ọwọ́ ẹni tí owó náà ti jáde.

Èkíní ni àwọn tí omi gba ilé wọn. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni a kó kúrò níbi tí adágún Káínjì wà lónìí. Ìlú Bùsà àtijọ́, ìlú àwọn ọba Ìbàrìbá, níbi tí Mungo Park ti pàdé ikú rẹ̀ ní 1806, ti wà lábẹ́ omi. Ìjọba kò fi wọ́n sílẹ̀ lásán, a gbọ́dọ̀ wí bẹ́ẹ̀. A kọ́ ìlú titun fún wọn, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní New Bussa, a sì kọ́ ọ̀pọ̀ abúlé mìíràn. Apá tí kò kéré nínú owó iṣẹ́ náà ni ó bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Gungawa. Orí erékùṣù àárín odò ni ibùgbé wọn. Nígbà tí omi bá kún, ó ń fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ó bá fà, wọn a gbin àlùbọ́sà, wọn a fọ́n omi sí i, wọn a sì kó o lọ sí ọjà Yelwa. Ọ̀nà ìjẹun wọn, omi ni. A kó wọn lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí wọ́n ti ní láti kọ́ iṣẹ́ oko lákọ̀tun bí ọmọdé. Ilé ni a lè kọ́ fún wọn; kò sí ẹni tí ó lè kọ́ erékùṣù.

Èkejì ni àwọn tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ odò. Àwọn wọ̀nyí kò kúrò nílé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kà wọ́n mọ́ ẹni tí nǹkan ṣe. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Tiwọn kò tilẹ̀ ṣàn dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ bí ó ti yẹ. Kí a tó sé odò, Ọya a máa kún lọ́dọọdún, a sì máa tàn kálẹ̀ sí àkùrọ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Inú àkùrọ̀ tí omi bò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹja ti máa ń yé ẹyin, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń jẹ tí wọ́n sì ń sá pamọ́ fún ẹja ńlá. Ibẹ̀ náà ni ìrẹsì ti ń rí omi mu, tí ilẹ̀ sì ti ń rí ẹrẹ̀ titun tí ó jẹ́ ajílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí dáàmù gba omi dúró, àkùrọ̀ tí omi ń dé dín kù. Ẹja dín kù, ẹrẹ̀ náà sì jókòó sí ìsàlẹ̀ adágún níbi tí kò ti wúlò fún àgbẹ̀ kankan. Nínú adágún pàápàá, ọ̀pọ̀ ẹja ọdún àkọ́kọ́ kò pẹ́. Kí ọdún 1970 tó parí sí 1980, ohun tí àwọn apẹja ń kó ti wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja wí pé ẹja Ọya ti ń di ìtàn, kì í ṣe àwàdà ni ó ń ṣe.

Ẹ̀kẹta ni àìsàn. Omi tí ó ń sáré kì í gba ìgbín odò láyè púpọ̀. Omi tí ó dúró ni ilé wọn. Lára ìgbín wọ̀nyí ni kòkòrò tí ó ń fa àtọ̀sí ajá ti ń jáde, àrùn tí ó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ó pọ̀ sí i ní àwọn ìletò etí adágún Káínjì. A sì ti rí irú rẹ̀ nítòsí ilé, ní etí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, dáàmù tí ó ń bá Abẹ́òkúta àti Èkó pèsè omi. Omi tí ó mọ́ gaara nínú ife ará Èkó, òun kan náà ni ọmọ etí odò wẹ̀ tí ó fi ṣàìsàn.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó dun ìyá ẹlẹ́ja jù, ni àkúnya omi. Ẹnì kan lè bi mí pé, "Ṣé dáàmù kọ́ ni ó yẹ kí ó dá àkúnya dúró?" Òun ni, ó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí òjò bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ìṣòro wà. Ọ̀gá méjì ni dáàmù ń sìn. Ẹni tí ó fẹ́ iná fẹ́ kí adágún kún dẹ́nu, kí ẹ̀rọ lè rí omi ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bẹ̀rù àkúnya fẹ́ kí àyè ṣí sílẹ̀ nínú adágún, kí ó lè gba òjò tí ń bọ̀. Bí adágún bá ti kún, tí òjò ńlá sì tún dé, àfi kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi, nítorí bí dáàmù bá ya, ẹkún náà yóò ju èyí lọ. Omi tí ì bá rọra wá fún oṣù méjì yóò wá dé ní ọjọ́ díẹ̀. Yóò sì bá ilé níbi tí ilé kò sí rí, nítorí pé ọdún púpọ̀ tí odò kò fi kún ti tan àwọn ènìyàn sọ̀kalẹ̀ wá sí etí rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ ní 1999, nígbà tí omi tí a tú sílẹ̀ láti Káínjì, Jẹ́bà àti Ṣíróró bo ọ̀pọ̀ abúlé mọ́lẹ̀. Ní 2012, àkúnya tí ó bo apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa pa ènìyàn 363, ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ní 2022, àwọn tí ó kú ju 600 lọ. Èmi kò sọ pé dáàmù nìkan ni ó fà á. Òjò ọdún wọ̀nyí kọjá bí ó ti yẹ; omi láti dáàmù Lagdo ní ilẹ̀ Cameroon gba odò Benue wá pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja; a sì kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní October 2023, nígbà tí adágún Akosombo ní ilẹ̀ Ghana kún ju bí ó ti yẹ lọ, omi tí a tú sílẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé ní ìsàlẹ̀ odò Volta. Níbi gbogbo tí a ti sé odò ńlá, ìlú tí iná ti ń tàn sábà máa ń jìnnà sí abúlé tí omi ń wọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni láti sé odò. Ọlọ́run ni ó fún ènìyàn ní ọgbọ́n tí ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n gbèsè ni. Ẹnì kan ni ó fi ilé, oko àti àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kí iná lè tàn ní ilé ẹlòmíràn. Àwọn àgbà sì wí pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Bí a kò bá san gbèsè Káínjì, ojú wo ni a ó fi wo àwọn tí a bá tún fẹ́ gba ilẹ̀ wọn fún dáàmù mìíràn?

Ìjọba mọ̀ pé gbèsè náà wà. Ní 2010 ni a fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní HYPPADEC, kí ó máa fi apá kan nínú owó tí iná omi ń pa wọlé tún agbègbè àwọn dáàmù ṣe. Ó di ọdún 2020 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 1968 dé 2020, ọdún 52. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kúrò ní Bùsà àtijọ́ ti di bàbá àgbà.

Kí ni sísan gbèsè yìí túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé kí owó tí òfin yà sọ́tọ̀ dé ọwọ́ àwọn tí a torí wọn yà á sọ́tọ̀. Ó túmọ̀ sí pé kí iná tàn ní abúlé tí wáyà ńlá ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ó túmọ̀ sí pé kí àwọn tí ń ṣọ́ dáàmù fi àyè sílẹ̀ fún òjò kí ó tó rọ̀, kí wọ́n sì máa tú omi díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ ní àkókò tí ẹja ń yé ẹyin, kí àkùrọ̀ lè mu. Èyí yóò dín iná kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò dín in kù. Àwa tí a ń lo iná ni ó yẹ kí á gbà á mọ́ra. Ẹni tí ó fi ẹ̀rọ atútù sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ènìyàn, kí ó mọ̀ pé omi ẹlòmíràn ni òun ń dà nù.

Ará Kádò ni èmi náà. Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí pàápàá, àwọn Gbagyi ni wọ́n ń ro ó kí a tó sọ ọ́ di olú-ìlú ní 1976. Àwa ará Àbújá kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbàgbé pé ìtura wa ní ẹni tí ó ṣí kúrò fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo padà lọ bá ìyá ẹlẹ́ja. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé orí rédíò. Ó ronú díẹ̀, ó sì ń fi ọ̀bẹ há ìpẹ́ ẹja lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Bàbá, ẹ bá wa sọ fún wọn pé a kò ní kí wọ́n wó o. Àwọn ọmọ tiwa náà fẹ́ iná. Kí wọ́n ṣáà máa kanlẹ̀kùn kí omi tó wọlé."

Kí Ọlọ́run fún àwọn tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn omi wà lọ́wọ́ wọn ní etí tí ó ń gbọ́, kí ó sì fún àwa tí iná ń tàn fún ní ọkàn tí ó ń rántí. Títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ní irú àkókò yìí, ó dàárọ̀ o.